Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà: 14,000 tó wà lójú páálí SSD, ta ló ń jẹ ẹ́?

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ SSD, ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí dípò hààdì dísìkì, ló sì gba ìdajì wọn, àfi bíi pé gbogbo Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ forí korí kí wọ́n tó kọ̀wé sí mi. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ príńtà tó ń jẹ bébà, ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ni mò ń yà, ìgbéyàwó, òkú, ìsọmọlórúkọ, àti Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí mo fọwọ́ ara mi tò ni mò ń lò, Ryzen 5 5600, mọ́dábọ́ọ̀dù B550, RAM 32GB. SSD SATA (irú tàtijọ́) 500GB kan ló wà nínú ẹ̀, ó sì ti kún dẹ́nu. Ọ̀gá kan tó ń ta pátì kọ̀ǹpútà wá fi SSD Gen 5 kan hàn mí, 14,000 ni wọ́n kọ sójú páálí ẹ̀, ìyẹn iye MB tó ń kà ní sẹ́kọ́ńdì kan, ó ní tí n bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà mi, fífò ló máa máa fò. Owó ẹ̀ já mi láyà. Ṣé kí n rà á? Àti pé tí ẹ̀yin bá fẹ́ yẹ irú SSD olówó ńlá bẹ́ẹ̀ wò, báwo lẹ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà pé ó dáa? — Oníkámẹ́rà, Ìjẹ̀bú-Òde

ÈSÌ: Àbúrò, má rà á. Mo ti dáhùn nìyẹn, gbogbo èyí tó kù, àlàyé ni, ó sì gùn díẹ̀, wá nǹkan jókòó lé.

Ihò tó o fẹ́ kì í bọ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ihò M.2 àkọ́kọ́ lórí B550, èyí tó so mọ́ Ryzen ẹ tààrà, PCIe 4.0 ni, òun ni wọ́n ń pè ní Gen 4 (PCIe ni ọ̀nà tí SSD fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀). Ihò kejì tó máa ń wà nísàlẹ̀, 3.0 ni. Gen 5 yẹn á wọ ibẹ̀ o, á sì ṣiṣẹ́, kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n agbára ihò ló máa lò, kì í ṣe agbára tiẹ̀. Ihò 4.0 ò lè gbé ju nǹkan bíi 7,000 MB sí 7,500 MB lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tó o bá wá ṣèèṣì kì í bọ ihò kejì, 3,500 ló kù. Ó di pé o sanwó 14,000, o ń jẹ 3,500. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń nájà báyẹn? Àwọn tó ra mọ́dábọ́ọ̀dù AM5 tuntun, irú X670E tó jáde ní 2022, àwọn yẹn ní ihò 5.0, ìwọ ò ní in.

Mo rántí ní 2015 tí Samsung gbé 950 Pro jáde, 2,500 ló ń kà, a pariwo, a ní ayé ti dé òpin, torí SATA tí gbogbo wa ń lò ò lè kọjá 550. Ní báyìí 2,500 ti di nǹkan tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí.

Jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ gbé e. Kí ni kámẹ́rà ẹ ń kọ? Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí ẹ fi ń ya òde níbí, 4K wọn ò ju 100 megabit lọ ní sẹ́kọ́ńdì kan, megabit ni mo wí o, kì í ṣe megabyte, pín in sọ́nà 8, 12.5 MB péré ni. Ká ní o to kámẹ́rà mẹ́rin síbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ilé Balógun ti ń kọjá lọ́jọ́ Ojúde Ọba, o wá tò wọ́n lé ara wọn lórí táímùláìnì, o ń wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, 50 MB nìyẹn. SATA tó o ń bú yẹn ń ka 550. Tí fídíò bá wá ń kọsẹ̀ lójú ẹ, iṣẹ́ títú fídíò ló ń dá ọpọlọ kọ̀ǹpútà lágara, ṣe próksì, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ tó o máa fi gẹ́ iṣẹ́, á lọ geere.

Káàdì ńkọ́? Tó bá jẹ́ SD UHS-I lò ń lò, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lò ó, 104 MB ni òpin tí ìlànà UHS-I gbà, 90 lo sì máa sábà rí. Káàdì 128GB tó kún, bíi ìṣẹ́jú 24 ni wàá fi kó o sórí kọ̀ǹpútà, yálà SSD ẹ jẹ́ 550 ni o, 14,000 ni o, ìṣẹ́jú 24 náà ni. Ó dà bí ẹni tó la títì oníbejì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, tó wá jẹ́ pé ẹnu géètì ilé ẹ̀ ni mọ́tò ò ti lè jáde.

Ibi tí SSD NVMe (irú tó ń gba ọ̀nà PCIe) tó dáa ti máa wúlò fún ẹ ni ìgbà tó o bá ń kó iṣẹ́ láti SSD kan lọ sí òmíràn, àti àwọn fáìlì wẹ́wẹ́ tí sọ́fíwia ìgẹfídíò máa ń kó pamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́, èyí tó máa ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àti pé SSD tó bá ti kún dẹ́nu bíi tìẹ, kò lè sáré, kò ráyè yíra padà. Ìyẹn gan-an ni mo fura sí pé ó ń dà ẹ́ láàmú.

Wàyí o, ìbéèrè ẹ kejì, èyí tó dùn mọ́ mi nínú.

O ti rí lọ́rì gààrí tó ń já ẹrù lọ́jọ́ ọjà? Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ máa ju àpò sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, gbì, gbì, gbì, kíá ló ń lọ, awakọ̀ á ti máa nu ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì máa gbé àpò yẹn níkọ̀ọ̀kan wọ inú sítọ́ọ̀ lọ tò. Tí iwájú ṣọ́ọ̀bù bá wá kún tí lọ́rì ò tíì tán, ọ̀rọ̀ dìdàkudà nìyẹn, àpò kan wọlé kí àpò kan tó sọ̀kalẹ̀. Bí SSD ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tó ń tọ́jú nǹkan sí, SSD oríṣi TLC máa ń kó bíìtì 3 sínú yàrá kan, oríṣi QLC ń kó 4. Kíkó 4 sínú yàrá kan, ó gba sùúrù, torí ìwọ̀n iná oríṣi 16 ni kọ́ńtúrólà, ọpọlọ SSD, gbọ́dọ̀ lè dá mọ̀ yàtọ̀ síra wọn. Nítorí náà SSD máa ń ṣe ọgbọ́n, á kọ́kọ́ kó bíìtì 1 péré sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni iwájú ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni iye tí wọ́n kọ sójú páálí fún ìkọ̀wé ti wá. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ló tó máa kó wọn wọlé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò Fọlágbadé yá mi ní méjì, 1TB ni àwọn méjèèjì, Gen 4 làwọn méjèèjì, 7,000 ló wà lójú páálí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan TLC tó ní DRAM (mẹ́mórì kékeré tó yára), ọ̀kan QLC tí kò ní, mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe wọ́n. Mo kọ́kọ́ fi CrystalDiskMark, sọ́fíwia tó ń wọn eré SSD, wọ̀n wọ́n bó ṣe wà, àwọn méjèèjì gbé 7,000 wá, wọ́n rí bí ìbejì. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé o rí i, ọ̀kan náà ni wọ́n, ra pọ́ọ́kú. Mo ní dúró ná. CrystalDiskMark yẹn, tó ò bá fọwọ́ kàn án, 1GB péré ló ń kọ tó ń tún kọ, iwájú ṣọ́ọ̀bù ò lè kún láéláé. Mo wá gbé fódà 400GB, fídíò òde gidi, láti orí SSD Gen 4 míì, mo kọ ọ́ sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. (Ẹ gbọ́ o, tó bá jẹ́ orí hààdì dísìkì lẹ ti ń kó o wá, ẹ ò ní rí nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ hààdì fúnra wọn ò sáré tó 200, SSD tó ń gbà á á kàn máa sùn ni.)

TLC yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wálẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó parí ní bíi ìṣẹ́jú 4. QLC náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kódà ọ̀rẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kọjá 200GB díẹ̀, ìlà aláwọ̀ ewé tí Windows máa ń fi hàn yẹn, ó kàn já wálẹ̀ ni, bí ẹni já sí kànga, láti orí 2,000 sí 150, ó sì dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 22 ló lò. A ti jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, a ti mu omi, kò tíì tán. Hààdì dísìkì àtijọ́ kò bá má jìnnà sí i. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó rà á lọ ò ní mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí ìyàwó bá ń dúró de fídíò ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wo ìlà àkọ́kọ́ lórí CrystalDiskMark mọ́. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, RND4K Q1T1, ìyẹn nǹkan wẹ́wẹ́ káàkiri, lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni mò ń wò, òun ló jọ bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. NVMe tó dáa á ka bíi 60 sí 90 MB níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, 60 sí 90, lórí SSD tó ní 7,000. Lẹ́yìn náà, mo máa ń kó nǹkan sí i títí á fi kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí n tó tún un wọ̀n, torí ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù ń kéré sí i bí sítọ́ọ̀ ṣe ń kún. SSD òfìfo ò parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ òótọ́ tán.

Ooru ńkọ́? Àwọn tó ń yẹ SSD wò nílùú òyìnbó, yàrá wọn tutù, tiwa fáànù ló ń yí. Gen 5 pàápàá, kò ṣeé lò láìsí irin ìtutù lórí ẹ̀, tí kọ́ńtúrólà bá ti gbóná dé bíi 80 digírì lọ sókè, fúnra ẹ̀ ló máa dẹ ìṣísẹ̀ kó má baà jóná. Ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi, ó ní SSD òun ń gbóná, 84 ni HWiNFO, sọ́fíwia tó ń fi ooru hàn, kọ, irin ìtutù sì wà lórí ẹ̀ o, ńlá. Mo tú u. Mo rí ọ̀rá tín-ín-rín aláwọ̀ búlúù tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ irin yẹn, lórí fóòmù rírọ̀ tó yẹ kó máa fa ooru, kò yọ ọ́! Odindi oṣù mẹ́jọ ló fi ń fi ọ̀rá se SSD bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín. A yọ ọ́, a dè é padà, iṣẹ́ kan náà, 63. Kò san kọ́bọ̀ fún mi, ojú ń tì í, mi ò sì lè béèrè.

Ìkejì sí ooru ni iná. SSD tó ní DRAM máa ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà sínú DRAM yẹn, á wá máa dà á kọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ gbìì nígbà tó ń kọ̀wé, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lè sọnù. SSD ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní kapásítọ̀ tó máa gbé e dúró fún ìwọ̀nba tó máa fi parí ohun tó ń kọ, tiwa tá à ń rà lójà ò ní in. Wàá sì rí ẹni tó ra SSD olówó gegere, tí ò ní UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró tí iná bá lọ), tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó ń lọ yí jẹnẹrétọ̀.

Nítorí náà, Gen 4 2TB ni kó o rà, TLC, tó ní DRAM. Irú Samsung 990 Pro tàbí WD Black SN850X, 7,450 àti 7,300 ni ojú páálí wọn, wọ́ránti ọdún 5, èyí á jẹ gbogbo ohun tí ihò ẹ lè fún un. (Tó o bá rí i pé Samsung kọ 3-bit MLC, má jẹ́ kó dà ẹ́ lójú rú, TLC náà ni, àpọ́nlé ni wọ́n fi ṣe.) Lẹ́yìn tó o bá dè é, ṣí CrystalDiskInfo, wo ibi tó kọ Transfer Mode, PCIe 4.0 x4 gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, tí ọ̀kan bá jẹ́ 3.0, ihò kejì lo kì í bọ̀, yọ ọ́. Owó Gen 5 tó kù lọ́wọ́ ẹ, fi ra UPS, fi ra hààdì dísìkì ńlá kan tó o máa kó iṣẹ́ kọ́sítọ́mà pamọ́ sí, tó bá ṣì kù, wá fún mi ní ìkọ́koré jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀ọ̀dá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Mo ra SSD 4TB tí wọ́n ń fi USB sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ ò tó ti 500GB táwọn ará ọjà ń tà. Windows ń fi 4TB hàn. Mo kó projẹ́ẹ̀tì mi àtàwọn fíìmù sí i, ó gbà á, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ṣí wọn, àwọn kan ò ṣí mọ́, orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀. — Ọmọ OOU

ÈSÌ: Àánú ẹ ṣe mí. Wọ́n ti tà ẹ́ ní páálí. Wọ́n máa ń fi nǹkan kékeré, nígbà míì káàdì mẹ́mórì ti fóònù, sínú irin tó dáa lójú, wọ́n á wá kọ́ kọ́ńtúrólà ẹ̀ kó máa purọ́ pé 4TB lòun. Nígbà tí àyè gidi bá tán, yálà kó máa kọ tuntun lé àtijọ́ lórí, tàbí kó kàn máa dà á nù, kò ní sọ fún ẹ. Orúkọ fáìlì wà, inú ẹ̀ ṣófo.

Lọ wá H2testw, ọ̀fẹ́ ni, ará Jámánì ló ṣe é, á kọ nǹkan sí i títí á fi kún, á wá kà á padà, ibẹ̀ ni àṣírí máa tú. Kọ́kọ́ kó ohun tó bá ṣì ń ṣí kúrò níbẹ̀ o, kó o tó ṣe é, kó o má baà fi ọwọ́ ara ẹ pa projẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n má lọ bá ẹni tó bá ta ojúlówó 1TB fún ẹ jà torí Windows kọ 931GB. Ìyẹn kì í ṣe olè jíjà, 1,000 ni ilé-iṣẹ́ fi ń kà á, 1,024 ni Windows fi ń kà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, gémù ni mò ń ta ní Ṣàgámù, mo tún ń gbá a. Mo yọ SSD SATA, mo fi NVMe 7,000 sí i, ó yẹ kó fi ìlọ́po 12 yára. Gémù tó ń fi sẹ́kọ́ńdì 18 ṣí tẹ́lẹ̀ ń fi 16 ṣí báyìí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fún mi ní fàyàwọ́? — Ọmọ Mákùn

ÈSÌ: Kì í ṣe fàyàwọ́. Ìwọ tó o wà ní Ṣàgámù, lọ wo àwọn oníṣòwò obì ní Sábó. Kí wọ́n gbé odindi àpò obì sínú mọ́tò, ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí oníbàárà kan dé, kó ní òun fẹ́ gbàǹja mẹ́ta látinú àpò yìí, àbàtà méjì látinú tọ̀hún, òmíràn lábẹ́ gbogbo ẹ̀, agbára ìgbéàpò ò wúlò mọ́, ojú àti ọwọ́ ló kù. 7,000 yẹn, gbígbé àpò ni. Gémù tó bá ń ṣí, ṣíṣa obì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń ṣe, ó sì tún gbọ́dọ̀ bó èèpo, ìyẹn ni pé wọ́n ti fún fáìlì pọ̀ mọ́ra, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló máa tú u. Ibi ìtúfáìlì yẹn ni 16 náà ń lọ.

Ohun tí NVMe ní tí SATA ò ní gan-an ni ìlà. SATA ní ìlà kan ṣoṣo tí àṣẹ 32 lè tò sí. NVMe lè ní ìlà tó lé ní 65,000. Ó dà bíi báńkì tó ní kaṣíà 65,000, ìwọ nìkan lo wá wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà lo máa dúró sí.

Microsoft gbé DirectStorage wá láti tún èyí ṣe, kí gémù lè bá SSD sọ̀rọ̀ tààrà kó sì jẹ́ káàdì gíráfíìsì máa tú fáìlì. Forspoken ló kọ́kọ́ lò ó lórí Windows, ní oṣù kìíní 2023, ṣùgbọ́n àwọn gémù tó ń lò ó ò tíì pọ̀. Tó bá jẹ́ PS5 lo fẹ́ ra SSD fún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀, Sony sọ pé Gen 4 ni, kó máa ka 5,500 ó kéré tán, pẹ̀lú irin ìtutù. Ìwọ fi èyí tó o rà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó dáa, àyè ẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n yára ṣe àtúnṣe kan. Lóṣù tó kọjá mo kọ̀wé níbí pé tí SSD bá ti kọ 600TB tán, ó kú nìyẹn, torí 600 TBW (iye TB tí èèyàn lè kọ sí i) ni wọ́n kọ sí ti 1TB. Òǹkàwé kan láti Ìlíṣàn dá mi lóhùn, ó ní àṣìsọ ni, òótọ́ ló sì sọ. Ibi tí wọ́ránti parí sí ni 600 yẹn, kì í ṣe ọjọ́ ikú ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń kọjá ibẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ 50GB lójúmọ́, ọjọ́ 12,000 ni kó tó dé 600TB, ìyẹn lé ní ọdún 32. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè mí torí ẹ̀rù ń bà yín, ẹ lọ sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Àkọ́bí mi tó wà ní Kánádà fi SSD kékeré kan ránṣẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí àbúrò ẹ̀ kó gbogbo fọ́tò àti fídíò bàbá wọn tó ti sùn sí i, kí n wá tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Ṣé ó máa pẹ́ níbẹ̀? — Mọ̀mí, Ìpẹru

ÈSÌ: Mọ̀mí, ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má tì í mọ́ àpótí ní òun nìkan, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ohun tó wà nínú SSD, iná kékeré ló fi di ìwọ̀nyẹn mú, iná yẹn sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò bá fi sí kọ̀ǹpútà, ooru ló sì máa ń mú un yára jò. Ìlànà JEDEC táwọn tó ń ṣe é ń tẹ̀lé ni pé SSD tí wọ́n ti lò dé òpin iye ìkọ̀wé ẹ̀, kó lè di nǹkan inú ẹ̀ mú fún ọdún 1 láìsí iná, ní yàrá tí kò ju 30 digírì lọ. Tiyín ṣì tuntun, á jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àpótí aṣọ ní Ìpẹru lóṣù kejì, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí àbúrò náà kó gbogbo ẹ̀ sórí hààdì dísìkì onírin pẹ̀lú, òun ló dáa jù fún títì mọ́lẹ̀. SSD yẹn ẹ fi sọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa ki í bọ kọ̀ǹpútà ní bíi oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wo Bàbá díẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó wà ní Kánádà ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́hùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Skúrù kékeré tó ń de SSD M.2 mọ́lẹ̀ já bọ́, mo fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá, mi ò rí i. Ṣé mo lè fi sẹ́lótéèpù dè é? — Ìjẹ̀bú-Igbó

ÈSÌ: Rárá o. Tó bá gbóná, sẹ́lótéèpù á tú, SSD á gbé imú sókè, kọ̀ǹpútà á sọ pé òun ò rí nǹkan kan, wàá rò pé ó ti kú. Mú mọ́dábọ́ọ̀dù náà tọ ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe lọ, kó wá skúrù M2 nínú agolo ẹ̀, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 2, wọ́n máa ń ní in lẹ́kún-ún-rẹ́rẹ́. Kó tó dè é, ẹ wò ó bóyá idẹ kékeré tó máa ń wà lábẹ́ skúrù yẹn ṣì wà níbi tí wọ́n kọ 80 sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, torí tó bá jẹ́ pé òun náà ló bá a lọ, SSD á tẹ̀ bí ọrun. Kẹ́ ẹ sì gbọn bàtà yín wò.